Igi Tí Bubu Kò Dárúkọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá àgbàlagbà kan láti Fíjì sọ orúkọ mẹ́ta fún mi, fún igi kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kau ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní drau. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní wainimate. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, mo dúpẹ́, mo ṣe bí ẹni tí kò fura. Nígbà tí mo délé tí mo yẹ ìwé wò, mo rí i pé kau ni igi, drau ni ewé, wainimate sì ni oògùn. Ó dà bíi pé àlejò bi mí pé kí ni wọ́n ń pe ajá mi, tí mo sì dá a lóhùn pé ẹranko ni.

Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ ìfura. Mo gbé e wá láti ilé ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá kan wà ládùúgbò wa tí kò sí ewé tí wọn ò mọ̀. Bí o bá lọ gba ewé ibà lọ́dọ̀ wọn, inú yàrá ni wọ́n ti máa gún un, wọn á wá gbé nǹkan tútù kan fún ọ tí kò lójú tí kò nímú, tí o ò ní lè mọ igi tí wọ́n ti já a. Bí o bá béèrè, wọn á ní, "Ewé ni. Gbé e lọ." Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dárúkọ ewé kan fún mi. Mo lọ já a, mo sè é, mo mu ún, mi ò sì kúrò nítòsí ilé ìyàgbẹ́ fún odidi ọjọ́ méjì. Wọ́n wá wò mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ní, "Ṣé wàá tún béèrè òmíràn?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìlànà kan tí mi ò yẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, láìjẹ́ kó mọ̀ pé mo ti béèrè rí. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá yí padà, bírò ni mo fi ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń yí, pẹ́ńsùlù.

Ilé ìdáná ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ilé-ìwé tó kọ́ mi ní ìmọ̀ ewé. Mo kọ́ ọ fúnra mi, láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti lò ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti kọ kún. Ewé kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: orúkọ rẹ̀ nílé wa, orúkọ rẹ̀ níbòmíràn, orúkọ rẹ̀ ní Látìn, bí ewé ṣe tò lára ẹ̀ka, iye iṣan tó wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ tí a bá ra á lọ́wọ́, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo ti rí tẹ̀tẹ̀ tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní Rye Lane. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bi mí pé kí ni mò ń wá nídìí ògiri òun, mo ní tẹ̀tẹ̀ ni, ó ní kí n máa kó o lọ kí ẹlòmíràn má baà tún wá lóṣòó síbẹ̀.

Ọgbà kan wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì wa, láàárín ògiri àwọn fúláàtì àti ojú irin. Àwa tí a ń gbé níbẹ̀ la jọ ń dá a. Ilé gíláàsì àtijọ́ kan wà ní ìkángun rẹ̀ tó ní hítà, ibẹ̀ ni a máa ń kó àwọn ewéko ilẹ̀ gbígbóná sí kí òtútù tó dé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọgbà. Alága wa jẹ́ ọmọ Jàmáíkà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà, tó sì ń ṣe gbogbo nǹkan bíi pé èrò ọkọ̀ ni wá.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ kékeré kan fọwọ́ kan oje ewéko kan nínú ilé gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ wú. Nítorí náà, nígbà tí káńsù kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, alága ṣe òfin. Gbogbo ìkòkò gbọ́dọ̀ ní pátákó kékeré, kó má ju ìka ọwọ́ lọ, tí orúkọ ewéko náà wà lára rẹ̀ ní èdè ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ohun tó wúlò fún. Sátidé tó ṣáájú ti káńsù ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ìkòkò tí kò bá ní pátákó ń jáde síta. Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n kọ wọ́n.

Ìkòkò mẹ́fà nínú ilé gíláàsì náà jẹ́ ti ìyá Fíjì yìí. Bubu ni gbogbo ọgbà ń pè wọ́n, ìyá àgbà ló túmọ̀ sí lédè wọn. Ọmọ wọn tó jẹ́ sójà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun níbí ló mú wọn wá, àwọn ológun wá gbé ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn, Bubu wà níbí. Fúláàtì wọn wà ní àjà kẹta, níbi tí oòrùn kì í dé. Ewéko ilẹ̀ gbígbóná tó bá wọ ibẹ̀ nínú oṣù kẹwàá kò ní rí Kérésìmesì. Gbogbo wa la mọ èyí, Bubu ló sì mọ̀ ọ́n jù.

Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, irú èyí tí olúkúlùkù gbé wá láti ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé mi, wọ́n wo ìwé náà kí wọ́n tó wo ojú mi.

"Ta lò ń kọ ọ́ fún?"

"Ẹgbẹ́ ọgbà ni, Màmá. Tèmi náà sì ni."

"Tìrẹ láti fi ṣe kí ni?"

"Kí n lè mọ̀ ni."

"Àwọn kan ti wá sí abúlé wa rí tí wọ́n fẹ́ mọ̀," ni Bubu wí. "Nígbà tó yá, a rí ewé wa nínú ìgò ní pápákọ̀ òfuurufú."

Síbẹ̀ wọ́n mú mi yí ìkòkò wọn ká. Èyí àkọ́kọ́ ni dalo, kókò ni. Èyí kejì ni bele, ìbátan ilá, tó jẹ́ pé ewé rẹ̀ ni wọ́n ń sè, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹ̀kẹta ni totodro, ewé róbótó kékeré kan tó ń fà nílẹ̀, tí mi ò tíì rí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá títí di òní. Ẹ̀kẹrin ni kura. Mo mọ òun náà lójú ẹsẹ̀, nítorí ìbátan òrúwo wa ni, gbòǹgbò àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pa aṣọ láró rúsúrúsú. Nígbà tí a dé ẹ̀karùn-ún, mo kúnlẹ̀, mo ra ewé rẹ̀ láàárín ìka, mo gbé e sí imú. Imí-eṣú ni.

"Botebotekoro," ni Bubu wí.

"Kí lẹ máa ń fi ṣe?"

"Kí lẹ̀yin máa ń fi ṣe?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè, Màmá."

"Èmi ni mo ni ìkòkò."

Mo sọ pé tí ọ̀bẹ bá gé èèyàn, a máa ń ra á, a ó fún omi rẹ̀ sójú egbò. Bubu wo ọwọ́ tí mo fi ra ewé náà. Wọ́n ní ohun tí àwọn náà ń fi í ṣe nìyẹn. Wọ́n tún wò mí tìfura-tìfura, bíi pé èmi ni mo lọ jí i gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn. Inú mi dùn débi pé mo kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí imí-eṣú nìkan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lórí márààrún, ìdáhùn Bubu kò yẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bírò ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹfà ló kù.

Igi kékeré ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, ewé rẹ̀ ń dán, ìdí ewé gbòòrò, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Bubu sọ ohun tó wúlò fún láìjanpata: wọ́n máa ń mú ewé rẹ̀ gbóná lójú iná, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún tó ń dunni. Orúkọ rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́. Igi. Ewé. Oògùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn.

Ohun tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìbátan wọn ọkùnrin kan, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń wá kí wọn láti Kennington ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ni Bubu ń pè é. Kí ó tó wọlé, Bubu á ti yí ìkòkò yẹn sẹ́yìn kura, tí ojú ò fi ní tètè tó o. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà wà níbẹ̀, mo nawọ́ sí igi náà, mo ní, "Èyí ńkọ́, Màmá, ẹ rántí orúkọ rẹ̀ lónìí?" Bubu bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò lára ewé bele tí kò ní kòkòrò kankan. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó jáde lọ wo kábééjì oníkábééjì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá kò dáhùn, ọkùnrin wúkọ́.

Mo rò ó pé májèlé ni. Mo já ewé kan tó ti ń rọ, mo fi oje rẹ̀ pa ìsàlẹ̀ apá mi òsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí nǹkan kan. Mo rò ó pé ohun tí òfin kò fẹ́ ni, pé ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yẹn fi ń wá. Ṣùgbọ́n ta ló máa kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ilé gíláàsì tí ojúlé ọgọ́ta lè rí láti fèrèsé?

Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì, tí wọ́n bí síbí tó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni ń kà á lára ògiri, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo ròyìn fún un.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti di ọlọ́pàá ewé báyìí?"

"Kí wọ́n sọ orúkọ kan ṣoṣo, ṣé ó pọ̀ jù ni?"

"Àbí àwọn náà ń fura sí yín?"

"Fura sí mi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ń wo aago tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ wá ń kọ ọ́ sílẹ̀." Ó bu ẹ̀bà. "Tó bá jẹ́ èmi, orúkọ èké ni màá fún yín."

"Wọ́n ti fún mi ní mẹ́ta."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀bà fi fẹ́ há a lọ́fun.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn tí mi ò kà sí. Fóònù mi dún nígbà tí èmi àti Bubu wà nínú ilé gíláàsì. Àbúrò ọkọ mi ni, láti ilé. Mo kí i bí mo ṣe máa ń kí i, mo ní, "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Bubu bi mí pé ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní rárá, mo kàn ń kì í ni, pé ó ga, aṣọ sì ń yẹ ẹ́. Wọ́n ní kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo ní ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, bó jẹ́ ọmọdé ni wọ́n. Bubu gbé ojú sókè.

"O kì í pè é rárá?"

"Rárá o."

"Bí mo bá tún béèrè ńkọ́?"

"Màá tún sọ ìnagijẹ mìíràn fún yín."

"Hẹ̀n," ni Bubu wí, wọ́n sì bu omi sí dalo. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú wọn ti rọ̀ sí mi díẹ̀. Èmi rò ó pé wọ́n fẹ́ fi ojú rírọ̀ yẹn tàn mí kí n lè gbàgbé igi kẹfà ni.

Mi ò gbàgbé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ pátákó, mo kúrò ní mọ́ṣáláṣí, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìkàwé ńlá kan tó ní ìwé nípa àwọn ewéko Fíjì. Mo ti ya fọ́tò igi náà láti ìhà mẹ́rin, mo ti ka iṣan ewé mẹ́wàá, mo ti wọn bí ọwọ́ ewé ṣe gùn tó. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ṣí ìwé. Nígbà tí mo rí i, mo fi ìka tẹ ojú ìwé náà. Àwòrán rẹ̀ nìyẹn, iṣan rẹ̀ nìyẹn, ìwúlò rẹ̀ fún orúnkún nìyẹn, orúkọ rẹ̀ lédè wọn sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Mo wò ó nínú ìwé méjì mìíràn kó má baà jẹ́ àṣìṣe. Gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀.

Mo délé, mo mú pátákó tó dán jù, mo fi yíǹkì tí omi kì í pa rẹ́ kọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé Bubu ni mò ń gbà sílẹ̀. Òótọ́ ni, nítorí láìsí pátákó, igi wọn á jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló mú mi kọ ọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti mú wọn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ilé gíláàsì kún. Alága ń lọ láti ìkòkò dé ìkòkò pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Bubu wà níbẹ̀, ìbátan wọn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fìlà lórí. Nígbà tí alága dé ìkòkò kẹfà, ó ní, "Eléyìí kò ní nǹkan. Ìta."

Mo ní, "Ẹ dúró." Mo ki pátákó náà bọ ilẹ̀ ìkòkò, mo pe orúkọ náà sókè, ketekete. Nígbà tí alága ní òun kò gbọ́, mo tún un pè.

Ìbátan Bubu fa fìlà rẹ̀ bojú, ó sì jáde. Kò wo kábééjì lọ́jọ́ yìí, ńṣe ló lọ tààrà sí ẹnu géètì. Bubu yọ pátákó náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n sọ ọ́ sápò súwẹ́tà wọn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò náà mọ́ àyà.

"Màmá, níbo lẹ ń gbé e lọ? Òtútù á pa á."

"Ó sàn kí òtútù pa á," ni Bubu wí, wọ́n sì gbé e lọ.

Alága yíjú sí mi. "Kí lo sọ sí ìyá àgbà yẹn?"

"Orúkọ igi wọn ni mo pè."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

Ó wò mí bí ẹni ń wo èrò ọkọ̀ tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò pé.

Mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá náà ti sá fún káńsù, pé ó hàn gbangba pé nǹkan wà nídìí igi yẹn. Mo ka ohun tí mo kọ. Lọ́jọ́ Àìkú mo tún kà á. Lọ́jọ́ Ajé, níbi tí mo ti ń bó kárọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìkòkò yẹn kò kúrò lójú mi, ní àjà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í dé.

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní Rye Lane, mo gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀. Bubu ṣí ilẹ̀kùn débi tí ṣéènì gbà á dé.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá."

"Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Mi ò mú un wá."

"Àpò yẹn ńkọ́? Ṣí i."

Mo ṣí i. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n wo abẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yọ ṣéènì.

Igi náà wà lórí àga kan nítòsí fèrèsé, wọ́n fi súwẹ́tà wé ìkòkò rẹ̀. Ewé mẹ́ta ti bọ́. Etí àwọn tó kù ti ń dúdú. Mo kà wọ́n láìròtẹ́lẹ̀, mọ́kànlá. Bubu rí i pé mò ń kà.

"Ní abúlé wa," ni wọ́n wí, láìní kí n jókòó, "ìdílé kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀, ó sì ní ẹja tirẹ̀. Igi wa nìyí. Àwa nìyẹn. A kì í pe orúkọ rẹ̀ láwùjọ. Pàápàá jù lọ níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá wà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é lójú èmi àti òun, bíi pé ó bọ́ṣọ lára mi lójú rẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ. Mo ní igi. Mo ní ewé. Mo ní oògùn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?" Wọ́n fọwọ́ kan ewé kan. "Lọ́jọ́ tí o gba fóònù yẹn, mo sọ fún ara mi pé, ó dára, èyí mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ náà wà tí kì í pè. Kò yẹ kí n tún máa ṣàlàyé. Mo ń dúró de ìgbà tí wàá bá mi wá ìnagijẹ fún un. Ìwọ lọ síbi ìwé."

Mo wá ibì kan jókòó fúnra mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wọlé ọkọ, mi ò pe orúkọ àbúrò ọkọ mi yẹn rí. Nígbà tó fẹ́ wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù físà, ọkọ mi ni mo gbé bírò fún. Ká ní ẹnì kan lọ tú orúkọ yẹn jáde nínú ìwé, kó wá dúró láàárín ilé wa, kó ní kí n wá gbọ́ bí òun ṣe pè é dáadáa. Èmi ni ẹni yẹn, mo sì tún un pè nítorí alága.

"Màmá, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú tán."

"Ṣé àtúnṣe wà?"

"Ó wà. Ẹni tó bá pè é máa mu ún."

"Á mu kí ni?"

"Omi. Abọ́ kan. Lójú gbogbo àwọn tó gbọ́. Kò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lẹ́nu títí yóò fi tán."

Mo ti ń fura. "Òun nìkan?"

"O ò tíì rí abọ́ náà."

Ọ̀rọ̀ pátákó ló kù. Mo sọ pé kí a kọ orúkọ Látìn sí i, kí àwọn káńsù lè rí nǹkan dì mú. Bubu ní èdè ta nìyẹn. Mo ní èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń fi í kí ara wọn mọ́.

"Ṣé ẹnì kankan ń sọ ọ́ ní abúlé wa?"

"Kò dájú, Màmá."

"Kọ ọ́."

Ní Sátidé, ìbátan wọn gbé abọ́ náà wá láti Kennington, nínú àpò tó fi ń lọ sọ́jà. Abọ́ tí wọ́n fi ń fọ ìrẹsì fún ogún èèyàn ni. Ó kún un dé etí ní ẹnu ẹ̀rọ omi ọgbà, omi oṣù kẹwàá, tó tutù débi tó ń ta eyín. Gbogbo àwọn ará ọgbà pagbo. Mo ṣe bísímílà, mo gbé e sẹ́nu. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo gbọ́ tí alága ń béèrè lọ́wọ́ Bubu pé ṣé kò ní pa akọ̀wé òun, Bubu sì ní kò tíì pa ẹnikẹ́ni tó lágbára. Mo mu ún tán. Omi ti rin ọrùn aṣọ mi. Bubu àti ìbátan wọn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó ká kò, ìró rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ọkùnrin náà yọ fìlà, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

A gbé igi náà padà sí àyè rẹ̀. Mo ki pátákó tuntun bọ̀ ọ́. Alága kà á, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Orúkọ: ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló wà. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyí? Òfin ní orúkọ ní èdè ẹni tó ni ín."

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè ẹni tó ni ín nìyẹn," ni mo wí.

"Ṣé o ní kí n gbé eléyìí fún káńsù?"

"Látìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ wà. Kí ni wọ́n tún fẹ́?"

Ó wo Bubu, ó wo abọ́ tó ṣófo, ó kọ nǹkan sórí bébà rẹ̀, ó sì kọjá sí ìkòkò tó kàn. Nígbà tí àwọn obìnrin méjì láti káńsù dé ní aago méjì, ohun tí wọ́n béèrè nípa igi náà kò ju ẹyọ kan lọ, pé ṣé oje rẹ̀ kò léwu. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo fi apá òsì mi hàn wọ́n. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò wú, kò yún. Bubu wo apá mi, wọ́n wo ojú mi.

"Ìgbà wo lo já ewé mi?"

"Ó ti fẹ́ bọ́ fúnra rẹ̀, Màmá."

Igi náà ti yọ ewé tuntun mẹ́rin báyìí. Ó ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú ìwé kejìlá mi, ohun gbogbo pé síbẹ̀ àfi àyè orúkọ, tí mo fi sílẹ̀ lófìfo. Mi ò kọ Látìn rẹ̀ síbí náà, nítorí ẹni tó bá ní irú ìwọra tèmi lè fi í wá èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo bi Bubu pé ṣé bí abọ́ ṣe máa ń tóbi tó nílé nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún béèrè, bí ẹni tó ṣèèṣì, wọ́n ní tilé kéré sí i díẹ̀. Sátidé tó kọjá wọ́n ní nílé, ife tíì ni wọ́n ń lò. Ìbátan wọn wúkọ́, ó jáde lọ wo kábééjì.

Mo ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni.